Obìnrin Tí Mọ́tò Kò Lè Gbé

Bí ẹ bá béèrè Tíṣà Ọmọ́yẹni lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà Ọ̀fà, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbé e rí. Ẹsẹ̀ ni màmá náà fi ń rìn. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ó sì fẹsẹ̀ rìn kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tòun ti aṣọ funfun tó ń wọ́lẹ̀, tí mọ́tò tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lófìfo. Àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà ṣì ń sọ ọ́ títí di òní.

Òórùn epo bẹntiróò ni ọ̀tá rẹ̀. Láti kékeré ni. Bí mọ́tò bá ti ṣáná báyìí, tí èéfín rẹ̀ kan Ọmọ́yẹni nímú, inú rẹ̀ á dà rú, òòyì á máa kọ́ ọ, kí ẹ tó pajú dé yóò ti máa bì. Kò sí ohun tí wọn ò ṣe tán. Èèpo ọsàn, ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Orógbó, ó jẹ ẹ́ títí ó fi sú u. Wọ́n ní kó fi bébà sáyà lábẹ́ aṣọ, ó fi sí i, ó sì bì sórí bébà náà. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ tẹ orí rẹ̀ wọnú ọrùn. Ó wọ reluwé lẹ́ẹ̀kan, ó ní bóyá tìyẹn á yàtọ̀. Wọn ò tíì dé Ìkìrun tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní kó wá ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní ìlú mìíràn, ó kọ ipò náà. Ẹ gbà mí o, kí èèyàn kọ ipò ọ̀gá nítorí òórùn!

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e rìn. Ọkọ rẹ̀ ni, Oyètúndé, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ni Ọmọ́yẹni máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń lọ kí Àdìkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Ilemona. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Lẹ́yìn tí Oyètúndé kú, Ọmọ́yẹni ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà. Á jáde ní ìdájí, á gbé oúnjẹ díẹ̀ lọ́wọ́, á máa kí àwọn tó ń lọ sóko, á sì mọ igi tí yóò sinmi lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí eékún rẹ̀ fi ní òun ò ṣe mọ́.

Àdìkẹ́ náà kò sì lè wá. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti dá a jókòó, ojú rẹ̀ ti fọ́, bí mọ́tò bá sì ti gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì lójú ọ̀nà, igbe oró ni yóò máa ké. Orí fóònù làwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń rí ara wọn, bí a bá lè pe ìyẹn ní rírí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àdìkẹ́ sọ fún un lórí fóònù pé, "Ọmọ́yẹni, ohùn rẹ nìkan ò tó mi mọ́. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn ọ́ kí n tó lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ọmọ́yẹni lọ́kàn. Ní ọjọ́ kejì gan-an ló wọ takisí, ó ní bó bá fẹ́ kú kó kú. Wọn ò tíì kúrò nínú ìlú dáadáa tó ti dákú mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n fi gbé e padà sílé. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sunkún bí ọmọdé. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ, pé ẹ̀gbọ́n òun yóò kú láìfọwọ́ kan òun.

Ọ̀rọ̀ ti rí báyìí kí Kamaldeen, ọmọ tó kọ́ níwèé rí, tó gbé márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ dé.

Létí títì ni Ọmọ́yẹni dúró sí, ó fi ìborùn bo imú, ó ń retí kí márúwá kan tó ń bọ̀ kọjá kóun tó sọdá. Márúwá náà kọjá. Kò dún. Èéfín kankan ò tẹ̀ lé e. Ọmọ́yẹni mú ìborùn kúrò nímú, ó fa atẹ́gùn sínú. Òórùn eruku nìkan ló gbọ́.

"Ìwọ yẹn! Dúró níbẹ̀!"

Ohùn tíṣà ló fi pè é, Kamaldeen tó ń wa márúwá náà sì mọ ohùn yẹn dáadáa. Ohùn yẹn ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ohùn yẹn náà ló sì máa ń ṣáájú pàṣán. Ó tẹ bíréèkì, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ káàsán, Mà. Ṣé kò sí o?"

"Kí lò ń gùn yẹn?"

"Márúwá oníná ni, Mà. Bátìrì ló ń gbé e. Ìlọrin ni mo ti mú un wá. Kò mu epo rárá."

"Kò mu epo?"

"Kò mu ẹ̀kán kan báyìí, Mà."

Ọmọ́yẹni yí lọ sẹ́yìn márúwá, ó fọwọ́ ti eékún, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ìdí márúwá níta gbangba. Tíṣà àgbà tó ti kọ́ ìdajì ìlú! Àwọn ọlọ́kadà dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó pariwo pé, "Kò ní salẹ́ńsà o! Ẹ wá wò ó, kò ní salẹ́ńsà!" Obìnrin kan tó ń lọ sọ́jà sọ ẹrù kalẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Háà! Kí ló wá ń tì í?" Wọ́n ní kí Kamaldeen wà á lọ síwájú díẹ̀, ó wà á, gbogbo wọn sì ń fetí sílẹ̀ de ariwo tí kò wá.

Ọmọ́yẹni gbé ọwọ́ lé ara márúwá náà. Ó ti rí fóònù tó ń gbé àwòrán èèyàn wá láti òkè òkun, kò yà á lẹ́nu tó èyí. Gbogbo ayé rẹ̀ ni wọ́n ti fi yé e pé òun ni kò pé, pé ara òun ló ń ṣe òun. Àṣé ẹnì kan wà níbì kan tó ń ṣe ọkọ̀ tí kò ní rùn sí òun. "Olúwa mi," ó ní, "Olúwa mi, Olúwa mi."

Ó kọjú sí Kamaldeen. "Ṣé ó lè dé Ilemona?"

Kamaldeen họrí. "Á dé ibẹ̀, Mà, tí mo bá ti ṣáàjì ẹ̀ kún. Àbọ̀ ẹ̀ ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Ta ló bi ọ́ ní àbọ̀?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí iná bátìrì ti kún, Kamaldeen wá gbé e. Ọmọ́yẹni ti wọ aṣọ tó fi ń gba ara Olúwa, èèpo ọsàn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò tíì fọkàn tán nǹkan kan. Ó jókòó, ó dijú, ó di irin mú gírígírí. Nígbà tó yá, ó ní, "Kamaldeen, kí lò ń dúró de? Máa lọ."

"A ti ń lọ, Mà."

Ó lajú. Ilé ń kọjá. Ààfin kọjá, ọjà kọjá, àwọn èèyàn ń rìn padà sẹ́yìn wọn. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lójú bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn Oyètúndé láyé ọjọ́un. Ó ń gbọ́ ohùn ẹyẹ! Nínú ọkọ̀ o! Ó ń gbọ́ àwọn tó ń kí ara wọn lẹ́bàá títì. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí ẹni tó mọ̀ àtẹni tí kò mọ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì pa dé mọ́. Obìnrin arúgbó yìí bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí Kamaldeen náà fi ń rín in.

Nígbà tí wọ́n jáde kúrò nílùú, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Inú Ọmọ́yẹni yí. Itọ́ kún un lẹ́nu. Òòyì dé. Ó fi èèpo ọsàn bo imú, kò gbà. "Dúró," ó ní, "dúró, dúró!" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di igi kan mú, ó bì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Kì í ṣe epo mọ́," ó ní. "Èmi ni. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Gbé mi padà sílé."

Kamaldeen kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ó wo màmá, ó wo ẹ̀yìn márúwá, ó tún wo màmá, ọrùn rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ́yẹni ti kọ́ ọmọ pẹ́ ju kó má mọ ojú ẹni tó ṣẹ̀ lọ.

"Kamaldeen. Kí ló wà lẹ́yìn yẹn?"

"Mà... ẹ má bínú, Mà. Mo ní tí bátìrì bá lọ kú sọ́nà ńkọ́? Ẹ mọ iná NẸ́PÀ wa. Ni mo bá gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré dání, ká lè fi ṣáàjì ẹ̀."

"Jẹnẹrétọ̀! Kí lò ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀?"

Kamaldeen wolẹ̀. "Epo, Mà. Kẹ́ẹ̀gì kan ni."

Ọmọ́yẹni wò ó títí. Ọkọ̀ tí kì í mu epo, ọmọ yìí wá epo fún un dandan! Inú kọ́kọ́ bí i, pàṣán ọjọ́un sì wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ dé, nítorí kì í ṣe òun, kì í ṣe ara òun, kẹ́ẹ̀gì ni! "Sọ ọ́ kalẹ̀," ó ní. "Sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àti baba ẹ̀." Fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà wà níwájú díẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Kamaldeen lọ gbé ẹrù náà sí. Wọ́n fi omi fọ ẹ̀yìn márúwá, wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Láti ibẹ̀ dé Ilemona, inú Ọmọ́yẹni kò yí mọ́. Kamaldeen ni inú rẹ̀ ń yí, nítorí iná bátìrì tó wà níwájú rẹ̀ ń relẹ̀, wọn ò sì ní nǹkan kan tí wọ́n lè fi ràn án lọ́wọ́.

Bí bátìrì ṣe kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni wọ́n wọ agbo ilé. Àdìkẹ́ jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ etí sójú títì, Susannah ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ wà nínú ilé. Márúwá dúró lábẹ́ igi máńgòrò láìdún. Ọmọ́yẹni sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi nìyí."

Àdìkẹ́ ta gìrì. Kò gbọ́ mọ́tò. Kò gbọ́ ọ̀kadà. Ó sì mọ̀ pé eékún àbúrò òun ò lè rin ọ̀nà náà mọ́. Ó fi igbe ta. "Susannah! Yéè, Susannah! Ọmọ́yẹni ti kú o! Ó ti kú, ó wá kí mi pé ó dìgbóṣe!"

"Mi ò kú, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ fọwọ́ kàn mí!"

Susannah ti sáré jáde, ó ń pariwo pé òótọ́ ni, pé ààyè ni. Àdìkẹ́ na ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó kan iwájú orí Ọmọ́yẹni, ó kan imú, ó kan àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n, èyí tí odó ìyá wọn dá sí i nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ó fa orí rẹ̀ mọ́ra, ó gbóòórùn rẹ̀. "O ò bì púpọ̀," ó ní, omijé sì bọ́. "Kí ló gbé ọ wá?"

Ọmọ́yẹni sọ fún un. Ó sọ nípa bátìrì, ó sọ nípa ẹyẹ, ó sọ nípa kẹ́ẹ̀gì, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí Susannah fi bu omi wá. Nígbà tó yá, Àdìkẹ́ ní, "Ẹ gbé mi sínú ẹ̀."

Susannah àti Kamaldeen rọra gbé e sórí àga ẹ̀yìn. Ọmọ́yẹni jókòó tì í. Láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, àwọn méjèèjì kò jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ kankan rí.

"Ó dáa," Àdìkẹ́ ní. "Ní kó máa gbé wa lọ sílé. Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá wa ní Ọ̀fà ni mo fẹ́ dé."

Kamaldeen wo iná iwájú rẹ̀. Ó ti kú pátápátá, kò sì sí iná NẸ́PÀ ní gbogbo àdúgbò. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ọmọ́yẹni fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká kó má sọ ọ́.

"Ṣé ó ti ń lọ?" Àdìkẹ́ béèrè.

"Ó ti ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ní kì í dún. A ti kúrò lágbo ilé. Àwọn ará ọjà ń juwọ́ sí yín, ẹ juwọ́ padà."

Àdìkẹ́ gbé ọwọ́ òsì, ó juwọ́.

"Oko kaṣú nìyí lápá ọ̀tún. Ó ti so, ó pọ́n ròdòdò. Afárá kékeré ló kàn, níbi tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ Oyètúndé ti já, tí àwa méjèèjì ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀, tí mo fi dé ọ̀dọ̀ yín tí ẹ ò dá mi mọ̀." Àdìkẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ẹnu tó ṣẹ́ kù fún un. Ọmọ́yẹni ń bá a lọ. Ó mọ gbogbo igi, ó mọ gbogbo kòtò, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi mọ̀ wọ́n. Igi àràbà tó máa ń sinmi lábẹ́ rẹ̀ kọjá. Fọkanáísà kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n rí òrùlé Ọ̀fà, ó dáwọ́ ìròyìn ọ̀nà dúró, ó ń sunkún.

Àdìkẹ́ kọ etí sí i.

"Ọmọ́yẹni."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀ pé kò kúrò lójú kan. Ewé máńgòrò yìí ló ń já bọ́ sí mi lára látẹ̀ẹ̀kan." Ó wá ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó dì í mú. "Ta ló ní kó o dúró? A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé."

Ọmọ́yẹni fi ìborùn nu ojú. "Ojú irin reluwé nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. Kamaldeen, rọra gùn ún o, ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," Kamaldeen ní, ó sì rọra yí ọwọ́ márúwá sápá ọ̀tún, síbi tí ilé bàbá wọn wà.