Wòlímọ̀ mi dà?

Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí, mi ò sì fẹ́ ìmọ̀ràn ẹnì kankan.

Lónìí, wọ́n ṣe wòlímọ̀ ìyàwó, àjọyọ̀ pé ó ti parí Kùráánì, nílé bàbá mi, níbí n'Ílọrin. Wọ́n ní kí àwọn ìyá tó ti parí Kùráánì bọ́ síwájú, kí wọ́n ṣàdúà fún ọmọ. Mo dìde. Aláàjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ṣẹ́wọ́ sí mi.

"Ìyá Gáná, ẹ jókòó jàre. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo ti parí Kùráánì kí ìyàwó ilé ẹ tó dáyé."

"Ta ló jẹ ìrẹsì wòlímọ̀ yín?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó.

Kùmásì, ní Gáná, ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ará ibẹ̀ ní àlejò ni wá, ká máa lọ sílé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tá a délé. Ilé ní ọmọ Gáná ni mí. Tí mo bá lanu báyìí, wọ́n á máa sín mi jẹ. Síbẹ̀, ọmú ti yọ láyà mi tí mo fi jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké nílé kéwú, títí mo fi parí. Ìyá Aláàjì ní:

"Ti àwọn ọmọ ilé la ó kọ́kọ́ ṣe. Tìẹ ń bọ̀."

Kò dé. Wọ́n kàn gbé mi lọ sílé ọkọ bí ẹrù.

Mo rò pé ewú orí á sọ mí di ọmọ ilé. Irọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má kí mi pẹ̀lẹ́. Ẹ sọ fún mi: ibo ni wọ́n ti ń pe èmi lọ́mọ?

Aláàjì, mo mọ̀ pé ò ń kà á. Ìyá ẹ jẹ mí ní wòlímọ̀. San án.