Omi Tí Ìyá Mi Kó Sẹ́yìn Karafán

Dókítà ti sọ fún ìyá mi pé kò gbọdọ̀ wọ bàálù mọ́, nítorí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé sì wà ní Tàbúkù, lápá àríwá pátápátá orílẹ̀-èdè tí Mẹ́kà wà, níbi tí àìsàn ti so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n lè fojú kan ara wọn kó tó pẹ́ jù, ọkọ mi háyà karafán, ilé kékeré onítáyà tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò, kí ìyá mi lè rí ibi na ẹ̀yìn nígbàkígbà tá a bá dúró lójú ọ̀nà.

Al-Ruwais ní Jẹ́dà là ń gbé, ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ di ẹrù tiwa. Ẹni tó háyà karafán fún wa ti kìlọ̀, èmi àtọkọ mi la sì jọ gbọ́ ọ: àárín, lórí táyà gan-an, ni kí ẹrù wúwo wà. Tá a bá kó o sẹ́yìn, ìdí karafán á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, á sì fa mọ́tò lọ síbi tó bá wù ú. Mo to gàrí, ìrẹsì àti sítóòfù síbi tó ní. Mo ń yin ara mi, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tá a dé ilé ìyá mi ní Al-Hujun ní Mẹ́kà, gálọ́ọ̀nù omi sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, ti tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ti àbúrò rẹ̀ ni, tàwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, tàwọn àna wọn, tàwọn ará àdúgbò wọn. Ó ní èèyàn kì í ti Mẹ́kà lọ kí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀rọ tó ń bá a mí ti gba bọ́ọ̀tù mọ́tò, ni mo bá ní ká kó omi náà sí kọ́bọ́ọ̀dù àárín karafán. Ó wò ó, ó rí i pé ògiri kan náà ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jọ ń lò. Ó ní láéláé, omi mímọ́ kò ní fara ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ni kó wà. Bẹ́ẹ̀dì tá a torí rẹ̀ háyà karafán!

Mo ṣàlàyé ohun tí wọ́n sọ fún wa. “Màálíṣì,” ló fi dá mi lóhùn, bí àwọn ará Mẹ́kà ṣe máa ń wí tí ọ̀rọ̀ kò bá tó nǹkan lójú wọn. Ó ní tí omi náà kò bá lọ, ká fi òun náà sílẹ̀.

Mo wo ọkọ mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá mi kì í bá ẹni tó ń wakọ̀ jiyàn, gbólóhùn kan péré látẹnu rẹ̀ ti tó. Ọkùnrin tó máa ń bá mi fa ọ̀rọ̀ lórí iyọ̀ ọbẹ̀ tẹrí ba, ó ní bí Màmá bá ṣe fẹ́ ẹ ni, ó sì gbé gálọ́ọ̀nù àkọ́kọ́. Inú bí mi. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ òótọ́ fún un. Ó ní ṣé kóun bá àna òun jiyàn lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ ni?

Títí a fi kọjá Jarwal, a rọra ń lọ. Mo ń wo dígí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ọ̀nà Jẹ́dà là gbooro, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan yà wá sílẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá wa, ìdí karafán sì jù. Ó tún jù lápá kejì, tagbára-tagbára, ó ń fa mọ́tò wa kúrò lójú ọ̀nà. Ìyá mi ń ké Lá ìláhà illalláhù. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọkọ mi kò tẹ búrèkì, ó kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tó fi ń sáré, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí títí a fi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

 Ìyá mi bi ọkọ mi bóyá ó mọ̀ pé báyìí ló máa rí. Ọkọ mi ní òun mọ̀. Mo rò pé ìyá mi yóò ní ká dá òun padà sílé, kó má sì rí àbúrò rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Ọkọ mi yíjú sẹ́yìn, kò tẹrí ba lọ́tẹ̀ yìí. “Màmá, omi yẹn ò lè lọ.”

Ìyá mi dojú kọ ọ́. “Ọmọ tí mo bí sọ fún mi, mi ò gbọ́,” ló wí. “Ìwọ tí mo máa gbọ́ tìẹ, o ò sọ.”

Ọkọ mi lọ ṣí ilẹ̀kùn karafán. Àwọn lébìrà kan tó ń kọjá dúró láti wò bóyá a nílò ìrànlọ́wọ́. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbé gálọ́ọ̀nù náà lọ, ó ń ṣàdúrà fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù, ti àbúrò rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó sì ní kí ọmọ òun máa wakọ̀ lọ. Ọkọ mi ló pè bẹ́ẹ̀.