Ilẹ̀ Tí Akínlẹ́yẹ Fẹ́ Sùn Sí

Ogún ọdún ni èmi àti Akínlẹ́yẹ fi jọ gbé ilé onílé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Yàrá wa kọjú síra, a sì jọ ń tò fún balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Akọ̀wé ìjọba ni, ọkùnrin tó ń lọ aṣọ rẹ̀ títí kan ìbọ̀sẹ̀. Òṣì ò bà á lẹ́rù. Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù: kí wọ́n má ríbi sin òun sí.

Ọjọ́ tí ìyá Ràímì, ayálégbé bíi tiwa, kú nínú ilé wa lẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀. Òkú ò tíì tutù tí onílé fi ní kí wọ́n gbé e kúrò. "Yàrá lẹ háyà," ló wí, "ẹ ò ra ilẹ̀." Akínlẹ́yẹ ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nílùú tirẹ̀, inú ilé ẹni ni wọ́n ń sin ẹni sí.

Lọ́dún 1986, ó ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ní Ìgàndò, níbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n torí pé ó sún mọ́ odò. Owó tí yóò fi kọ́lé ò sí. Mo ní kó ní sùúrù.

"Ilé lè dúró dè mí," ó ní, "ikú ò ní dúró."

Bó ṣe gbẹ́ ibojì kó tó ní ìpìlẹ̀ ilé nìyẹn. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àfi ọ̀rẹ́ mi.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, omi ti kún ihò náà dé ìdajì, omi tó mọ́ gaara. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbọ́n ọn; bí a ṣe ń gbọ́n ọn ló ń sun. Lọ́jọ́ kẹrin, a bá àwọn obìnrin àdúgbò níbẹ̀ pẹ̀lú garawa.

"Ibojì mi nìyẹn o," Akínlẹ́yẹ wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá," Mọ̀dínátù, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, dá a lóhùn. "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ ṣá."

Ọdún méje ni wọ́n fi ń bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí rẹ̀, torí omi. Gbogbo àdúrà náà ló ń bí i nínú.

Ó kú ní 1993, nínú yàrá tó háyà. Onílé fún wa ní wákàtí méjì. A ra pósí, a mú garawa tiwa dání láti gbọ́n ihò náà gbẹ, ká lè sin ín. Àwọn obìnrin ti tò yí i ká. Wọn ò bá wa jà. Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ fún Susanna, opó Akínlẹ́yẹ.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Omi táwọn ọmọ wa ń mu nìyí. Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá sì gbẹ́ lórí ilẹ̀ yìí, omi náà ni."

Susanna wo inú ihò náà pẹ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí.

Itẹ́ òkú ìjọba la sin ín sí, láàárín àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí ibojì rẹ̀ bíi yàrá. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí a ń bọ̀, Susanna ní ká yà kí òun tún wo ilẹ̀ ọkọ òun. Oòrùn mú, a ò sì tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Mọ̀dínátù bu omi inú ihò náà fún wa nínú ife. Èmi ò lè gbà á. Susanna gbà á, ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn fún òun.