Ìkìlọ̀ Ara Àgbá Tínà

Tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ni gbogbo ilé iṣẹ́ wa n'Íkẹjà máa ń rùn, òórùn tó ń bá èèyàn wọkọ̀ délé l'Ágége. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba fún alágbádá nígbà náà, lọ́dún 1979, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé pẹ̀lú ìwé mẹ́wàá mi. Ìyá kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́ mi bí a ṣe ń rọ ọ̀dà sínú agolo. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n ń pè mí. Tá a bá ṣíwọ́, gbogbo wa á ki ọwọ́ bọ tínà dé ìgbọ̀nwọ́, torí kíá ló ń bó ọ̀dà. Ta ló ráyè ọṣẹ?

Lọ́jọ́ kan, àgbá tínà tuntun dé, mo sì ka ìkìlọ̀ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sí i lára: ẹ má jẹ́ kó kan ara, ó ń ba iṣan tí ara fi ń mọ nǹkan jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọṣẹ ni mo ń lò. Mi ò sọ fún Ìyá. Ìyá ò kàwé, wọn ò sì fẹ́ ká mọ̀. Bí ọ̀gá bá gbé ìwé wá, wọ́n á ní àwọn gbàgbé awò sílé, àwa náà á sì ṣe bí ẹni gbà wọ́n gbọ́. Ta ni èmi ọmọ àná tí màá wá kàwé fún àgbàlagbà lójú gbogbo èèyàn? Ọ̀wọ̀ ni mo pè é. Àbí mi ò lè pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ ni? Mo lè pè wọ́n. Mi ò kàn pè wọ́n ni.

Ó lé lógún ọdún kí n tó tún fojú kàn wọ́n, l'Ónígbòǹgbò, nílé ọmọ wọn. Ìka wọn ò mọ ohun tó gbóná yàtọ̀ sí èyí tó tutù mọ́. Ọmọ ló ń bá wọn wé gèlè, òun náà ló ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n wo ọwọ́ mi títí.

"Ọmọ Èkìtì, ọwọ́ rẹ ṣì dáa."

"A dúpẹ́, mà."

"Mo rí ọ lọ́jọ́ tó o ka ara àgbá yẹn. Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọṣẹ, mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ojú ló tì mí láti bi ọ́."

Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mi ò sunkún. Inú mi kàn ṣófo bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú ẹ̀. Mo jẹ ẹ̀wà tí wọ́n gbé fún mi, mi ò mọ adùn ẹ̀, mo sì dágbére.

Báwọn èèyàn bá ń sọ fún mi báyìí pé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ kí ara mi le lọ́jọ́ ogbó, n kì í bá wọn jiyàn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àlàáfíà tó tó ẹni méjì ni mo kà lára àgbá lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo sì dá a jẹ.