Gbólóhùn Kan Tí Mo Yọ Nínú Oríkì Ilé Wa

Oṣù kan péré ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n láti kékeré ni Ìyá àgbà ti ní kí n máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni. Nínú ọkàn mi, "ó" ni, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe kọ ọ́ síhìn-ín. Bàbá rẹ̀ kó wọn kúrò ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ní Ìbàdàn, nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún méje. Ó kàwé títí, ìwé sì gbé e dé Niu Sílándì, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Èmi fi ilé ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tú, mo kọ́ fìlà rírán, mo sì ń tọ́jú arúgbó tiwa. Iṣẹ́ kan náà ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ya èmi ní fọ́tò.

Tí fóònù bá ti dún, Ìyá àgbà á máa tún ìborùn wọn ṣe. "Ṣé ọmọ mi ni?" Èmi tí mo gbé omi ìwẹ̀ wọn kaná ní kùtùkùtù, "ìwọ yìí" lorúkọ tèmi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní tí ẹ̀gbọ́n mi kò ní. Ní àràárọ̀, tí mo bá kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á ki oríkì ilé wa fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí mi á wú. N kì í lè wo ojú ẹni tó wá gba fìlà lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, èmi náà di ẹnì kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ní òun àti àwọn ará ibi iṣẹ́ òun ń lọ sí ìlú kékeré kan létí òkun, ìlú àtijọ́, ti àwọn Màórì tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé.

"Àlejò kì í ṣàdédé wọ ilé àpéjọ wọn," ó ní. "Wọ́n á ní kó o sọ òkè rẹ, odò rẹ, àti ìdílé rẹ. Oríkì ilé wa ni mo fẹ́ sọ níbẹ̀, àbúrò mi, mi ò sì mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bi Ìyá àgbà."

"Tí Ìyá àgbà bá ti gbọ́ ohùn mi, àdúrà ni. Wọn kì í dánu dúró. Ìwọ ni mo bi, jọ̀ọ́."

Nígbà tí a pa ìpè náà, mo fi ìka tẹ ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, mo sọ oríkì náà sínú rẹ̀. Mo ki í dé ọmọ a-jókòó-lórí-òkè-wo-ọjà, mo ki í dé ọmọ odò tí í wọlé láìkanlẹ̀kùn. Nígbà tó ku gbólóhùn ìkẹyìn, mo gbé ìka mi kúrò, mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Gbólóhùn náà nìyí: ọmọ ilé tí kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó pẹ́ lájò. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òkun, ó ti ní "ọmọ mi." Mo ní kí èyí ṣẹ́ kù fún èmi.

Ní Sátidé, ó pè wá kí a lè máa wo òun. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ìrọ̀lẹ́ ni lọ́hùn-ún. Mo gbé fóònù ti agolo òwú, Ìyá àgbà jókòó lórí ẹní. A rí òkun, ó dúdú bí aró. A rí ilé kan tí wọ́n gbẹ́ ojú àwọn baba ńlá wọn sára òpó rẹ̀. Gbogbo àlejò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ìgbà tí a bá ń wọ mọ́sálásí. Obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n kọlà sí àgbọ̀n rẹ̀ fi imú kan imú ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò níbẹ̀, imú tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jogún. Mo wò ó, inú mi ń gbóná.

"Wọ́n ń kọlà níbẹ̀ náà?" Ìyá àgbà ní. "Ẹni tó kọ ọ́ mọṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ fún mi, ọ̀tún ga ju òsì lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù fún ẹnì kan, ó dìde. Ó ní Òkè Màpó ni òkè òun, Ògùnpa sì ni odò òun. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ògùnpa tí ọ̀rá àti bàtà àjákù ń léfòó lórí rẹ̀! Àwọn ará ibẹ̀ sì mi orí bí ẹni gbọ́ ohun ńlá. Lẹ́yìn náà ló ki oríkì náà, bí mo ṣe fi ránṣẹ́ gẹ́lẹ́, ó sì dákẹ́.

"Ó ku ọ̀kan," ni Ìyá àgbà wí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. "Kí ló kù, Ìyá àgbà?" Ó túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin alágbọ̀n ìlà yẹn. Obìnrin náà ní kò burú, àwọn á dúró. Gbogbo ilé yíjú sí fóònù.

Ìyá àgbà kò wo fóònù, èmi ni wọ́n ń wò. "Ìwọ yìí, sọ ọ́ fún un."

Ilẹ̀ ni mo sọ ọ́ sí. Wọ́n ní kí n gbé ohùn sókè. Mo tún un sọ: ọmọ ilé tí kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó pẹ́ lájò.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè tún un wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ọdún kẹrin rèé tí kò wálé, àti pé èmi tí mò ń gba gbólóhùn náà láràárọ̀ kò tíì sùn níta ìlú Ìbàdàn rí. Àwọn ènìyàn náà dìde, wọ́n kọrin fún un. Àṣà wọn ni, tí ẹnì kan bá ti sọ tirẹ̀ tán. Orin náà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. N kò ní parọ́, mo ṣì ń jowú. Ohùn mi ló parí ọ̀rọ̀ náà, òun ni wọ́n kọrin fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ki òkè, wọ́n ki odò. Nígbà tó kan gbólóhùn ìkẹyìn, wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ wọn kúrò, wọ́n ní kí n lọ gbé omi wá.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó ki í parí fún mi.