Ẹnu Ìyá Àgbà Lọ́dún Tí Ẹgbẹ́ Wa Fẹ́rẹ̀ẹ́ Já

Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá ògiri iléèwé, ó balẹ̀ sórí àwọ̀n wáyà tí Ìyá Àgbà to ẹja ọ̀bọ̀kún sí, ó sì tú eérú ká gbogbo iwájú ilé wa. Kí èéfín tó ṣí, Ìyá Àgbà ti ki bọ́ọ̀lù bọ abẹ́ ìró, ó ti padà jókòó sórí àpótí rẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá gbà á dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀, ìyá náà ò wo ibi tó wà. Ó ní kó lọ pe kóòṣì wá. Kóòṣì ọ̀hún, ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá mi ni.

Bàbá mi dé, fèrè lọ́rùn, òógùn lójú. Ó ti mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pe òun. Ìyá Àgbà ń yí ẹja lójú iná lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára rárá. Ó wá sọ fún un níwájú àwọn tó ń ra ẹja pé orúnkún balógun ẹgbẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé bó bá tún fi í sí ẹ̀yìn ní Sátidé, wọ́n á tún nà wọ́n. Bàbá mi ní òun ti gbọ́. Ìyá Àgbà ní kò gbọ́, pé ká ní ó ń gbọ́ ni, ojú wọn ì bá má rí màbo tó ń rí látìgbà tí òjò ti dá. Ìgbà yẹn ló tó yọ bọ́ọ̀lù jáde, ó gbọn eérú ara rẹ̀ dànù, ó sì yí i sí i lẹ́sẹ̀.

Ìkòròdú la wà, láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ilé wa kọjú sí pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò ti ń ṣe ìdánrawò. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́nà Odòńgúnyàn. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń pàṣẹ fún un. Lórí pápá, òun ló ń pàṣẹ. Bí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ bá ti já a sílẹ̀, pápá ló ń gbà lọ kó tó wọlé, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ọmọ Ìkòròdú. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, òun àti iṣẹ́ ẹja yíyan rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, orúkọ ẹ̀yẹ ló máa ń fún wọn. Ìyá Àgbà mú àṣà yìí, ó nà án dé orí pápá. Ó ní ẹgbẹ́ náà ti wà kí òun tó wọlé ọkọ, nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ jẹ́sì rẹ̀, ọkọ òun ni, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n bí i. Bẹ́ẹ̀ ni balógun ẹgbẹ́ ṣe di Gbajúmọ̀. Aṣọ́lé di Akọ̀wé, torí ó ní bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ṣe ló máa ń wo òkè bí ẹni ń ka ìwé. Ọ̀dọ́ kan tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbọ́ràn ju ọ̀tún lọ, tí kì í sì í yé rẹ́rìn-ín, di Eyínfúnjowó. "Ẹ" ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí jẹ́sì bá wà lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá ti bọ́ ọ, wọ́n tún di ọmọ, "ìwọ" sì dé. Bàbá mi ní tiẹ̀ kì í wọ jẹ́sì. Ìyá Àgbà ní ìyẹn kì í ṣe ọkọ òun, ọmọ òun ni, kò sì sí àṣà tó ní kí òun má bá ọmọ òun wí.

Ó sì ń bá a wí. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ni Ìyá Àgbà ń lò lọ́dún yẹn. A bẹ̀rẹ̀ dáadáa, a na àwọn tó jù wá lọ, àwọn ọmọdé àdúgbò ń jó tẹ̀lé bọ́ọ̀sì tó gbé ẹgbẹ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjákulẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Èrò Ìyá Àgbà kò yí padà: kí Gbajúmọ̀ lọ sinmi, kí Eyínfúnjowó wọlé. Ẹni tó bá wá ra ẹja ẹyọ kan á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì máa ń mú ẹja tà. Èsì bàbá mi náà ò yí padà. Ó ní ẹsẹ̀ Gbajúmọ̀ lè má dá mọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ ló ń to gbogbo ẹ̀yìn, pé bó bá jáde, àwọn yòókù á dà bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, ohun tó jẹ́ kó burú nìyẹn.

Ó wá ku eré kan ṣoṣo, Ẹ̀pẹ́ la sì ti máa lọ gbá a. Bí wọ́n bá nà wá, a já sí ìpele ìsàlẹ̀. Bí a bá ta ọ̀mì, a bọ́ nínú ewu. Àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí fèrè kúrò lọ́rùn bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni alága ẹgbẹ́ wá ra ẹja. Kì í wá fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń rán. Ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà, ó yin ẹja, ó wá ní kí Ìyá Àgbà sọ ohun tó rí sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí fún òun. Ìyá Àgbà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń fẹ́ èèpo àgbọn tó wà nídìí iná, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó sì fi kún un pé ọmọ òun ò rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Alága mi orí, ó mi orí, ó yan ẹja tó tóbi jù, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé, bàbá mi dé, ó dúró níwájú ààrò, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Màámi, ẹnu yín ni wọ́n fi gbá mi létí lónìí."

Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. "Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò purọ́, mà," ni bàbá mi wí, ó sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ ẹja rẹ̀ mọ́. Ìyá mi á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, bàbá mi á fi ẹ̀yìn ṣíbí ti ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, á jẹ ìyókù. Ojú Ìyá Àgbà máa ń tọ ẹja náà lọ bí wọ́n bá ń gbé abọ́ jáde. Kò ní òun jẹ̀bi, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń yan ẹja, ó sì ń húkọ́ nínú èéfín. Ẹ̀rù ń bà mí nínú ilé wa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àgbàlagbà lè bínú láìpariwo.

Ilé-iṣẹ́ bàbá mi yá wa ní bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́. Ìyá Àgbà jókòó níwájú, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú Gbajúmọ̀, tó na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó, tí òórùn rọ́ọ̀bù orúnkún rẹ̀ sì gba ọkọ̀ kan. A kọjá Ìtọ́ìkín, kò sẹ́ni tó kọrin. Nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú fèrèsé wọlé, Ìyá Àgbà tún gèlè rẹ̀ wé.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ti gbé àga dè é ní Ẹ̀pẹ́, láàárín tiwọn. Ọmọ ilé tó wálé kì í jókòó sọ́dọ̀ àlejò. Ó lọ jókòó, mo lúgọ sẹ́sẹ̀ rẹ̀, bàbá mi àti gbogbo àwọn èèyàn wa sì wà ní òdìkejì pápá. Bó ṣe jókòó báyìí, èdè Ẹ̀pẹ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, èyí tí mi ò gbọ́ tán. Kóòṣì wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó wá dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gbé mínírà tútù lé e lọ́wọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n délẹ̀délẹ̀, mà. Ara ta ni ká máa gbà kọjá?"

Àwọn tó yí wa ká na ọrùn láti gbọ́. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ń wá, odidi àdúgbò wa ti rà á mọ́ ẹja. Ìyá Àgbà wo òdìkejì pápá, níbi tí bàbá mi ti ń fi ọwọ́ ṣàlàyé nǹkan fún àwọn ọkọ rẹ̀.

"Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n gbá," ló wí, ó sì béèrè bóyá ara ọmọ kóòṣì náà tí èéyi ń ṣe ti yá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó Ìkòròdú ti gbàgbé ilé. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé àìsọ ohun tó mọ̀ yẹn nira fún un ju kó gbé garawa omi lọ.

Eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń gbá a lọ, wọ́n ń gbá a bọ̀, ekuru bo gbogbo wa. Ohùn Gbajúmọ̀ ń dún lórí pápá, ó ń pe ẹni yìí sọ́tùn-ún, ó ń ti tọ̀hún síwájú, mo sì rí ohun tí bàbá mi ń sọ. Títí wọ́n fi lọ sinmi, Ẹ̀pẹ́ ò rí ihò kankan. Àmọ́ bí wọ́n ṣe padà wọlé, orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan rí i fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni tọ́ka sí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Gbajúmọ̀ kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, Akọ̀wé wo òkè, bọ́ọ̀lù sì wọlé.

Àga wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Àwọn ẹbí ń fò, ìyàwó àbúrò rẹ̀ kan fa Ìyá Àgbà dìde pé kó wá jó. Ọmọ ilé ni, ó yẹ kó bá wọn yọ̀. Ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀ bí ẹni ń gbọn eérú lọ́wọ́, ó sì jókòó padà. Ní òdìkejì, mo rí alága tó dojú kọ bàbá mi, tó ń nàka sí i. Bàbá mi ò wò ó. Ó pe Gbajúmọ̀, Gbajúmọ̀ sì tiro bọ̀ wá. Bàbá mi gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Eyínfúnjowó bá wọlé.

Ẹ̀rù tó bà mí títí eré fi fẹ́ parí, mi ò lè sọ ọ́ tán. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ òsì Eyínfúnjowó lẹ́ẹ̀kan ní ìkángun pápá, ó sì gbá a láìgbé ojú sókè. Ó lu òpó, ó wọlé. Ìyá Àgbà kò fò, nítorí àwọn tó yí i ká. Ó kàn di èjìká mi mú, ó dì í títí ó fi dùn mí. Rẹfirí fọn fèrè, ọ̀mì ni. Ẹgbẹ́ wa ò já.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, kí òógùn tó gbẹ lára ẹnikẹ́ni, alága pe gbogbo wa jọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá ní ká ní wọ́n ti gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ ni, ẹgbẹ́ ì bá má jìyà tó báyìí, pé ìyá tó bí kóòṣì gan-an ti rí i, ó sì ti sọ ọ́ fún òun. Ó ní ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi fún ìsapá rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba fèrè lọ́dún tó ń bọ̀. Gbajúmọ̀ jókòó sílẹ̀. Ìyá Àgbà rọra la àárín àwọn agbábọ́ọ̀lù kọjá títí ó fi dé iwájú alága.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sókè. "Èmi ni mo bí i, èmi ni mo lè sọ ọ́. Ta ló fi yín ṣe ìyá ẹ̀?"

Alága ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣáà sọ ọ́ fún wa."

Ìyá Àgbà la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ohun tó sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ kúrò níbi tó fẹ́ràn jù láyé. Bàbá mi ló bọ́ fèrè lọ́rùn ara rẹ̀, ó gbé e lé alága lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mọ́ra, ó sì tì í wọ bọ́ọ̀sì. Iwájú ló jókòó nígbà tí a ń padà bọ̀. Mo bọ́ sẹ́yìn fún un.

Ẹni tó bá rò pé Ìyá Àgbà dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà kò mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá béèrè nípa kóòṣì tuntun tàbí nípa bàbá mi, á ní kó mú ẹja rẹ̀, iná ń jó. Àmọ́ bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, á fa ìjókòó fún un sún mọ́ ara rẹ̀, á wá to gbogbo ohun tó kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀ sílẹ̀, látorí irun tí kò gẹ̀ dórí owó ọkọ̀ tó ń ná ní ìnákúnàá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì máa ń bí bàbá mi nínú nígbà mìíràn. Etí tó ń sọ ọ́ sí nìkan ló pààrọ̀.

Èmi náà ti bímọ báyìí. Ọmọ mi ọkùnrin ya ọ̀lẹ, mo sì mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì kàn mí láti sọ tèmi. Ó ti dé ahọ́n mi, ó sì máa dùn-ún gbọ́. Mo gbé e mì. Mo dúró títí ọmọ náà fi ti iléèwé dé, mo jókòó tì í, mo sọ ọ́ fún un lójú, n kò fi ṣúgà sí i. Ó bínú sí mi gan-an, ó kẹ̀yìn sí mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.