Màmá Ìlàré Yan Iyanrìn

Bí ẹnikẹ́ni bá sáré di ẹ̀gbọ́n màmá mi lápá mú ládùúgbò Ìlàré, n'Ílé-Ifẹ̀, ńṣe ni yóò rọra yọ apá rẹ̀ kúrò, yóò ní, "Ẹ ṣeun, mo mọ ọ̀nà." Láti kékeré ni àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti ba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń pọnmi.

Ní nǹkan bí ọdún 1994, èmi àti ọkọ mi mú un lọ lo ìsinmi ní erékùṣù kan. Etíkun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ iyanrìn, èkejì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́.

Ọkọ mi ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ òkúta ni ká lọ. Ọ̀pá yín á máa rì sínú iyanrìn."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ mú ọ̀pá dání?"

"Ẹ máa ṣubú, mà."

"Mo mọ̀. Bí mo bá ṣubú sórí òkúta, màá fara pa. Bí mo bá ṣubú sórí iyanrìn, màá dìde."

Ó gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń lọ. Kò pẹ́ tó fi ṣubú. Àwọn tó ń gbafẹ́ níbẹ̀ sáré bọ̀, ó na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró. Ó dìde, iyanrìn kún ojú rẹ̀. Ó tún ṣubú, ó tún dìde. Ọkọ mi fẹ́ lọ bá a, mo di aṣọ rẹ̀ mú.

Nígbà tí omi òkun kàn án lórúnkún, ó yíjú sí wa, ó pariwo: "Kí lẹ dúró ń wò? Ẹ máa bọ̀!"